Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́, hóró ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí omi ọdọọdún: èwo ló bá eegun ìyá yín mu?

Ìyá mi kò já láti orí àkàbà, ọkọ̀ kò sì gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Òkè-Àdó, ó na ọwọ́ síwájú kí ojú má baà kanlẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì dá. Ẹni tó fi orí ru òfì lọ sí Ọjà Ọ̀jẹ́ fún ogójì ọdún ni o! Wọ́n to ọwọ́ náà, ó jiná, a gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé garawa omi tí kò tilẹ̀ kún dé ìdajì, ó ní òun gbọ́ “káú” lẹ́yìn òun. A rò pé ẹ̀yìn ríro lásán ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi òróró pa á kí àbúrò mi tó fárígá pé àfi kí a lọ ya àwòrán ẹ̀yìn náà. Ọ̀kan nínú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún wọlé bí agolo mílíìkì tí ọkọ̀ tẹ̀.

Osteoporosis ni orúkọ tí dókítà pè é. Ó kọ oògùn mẹ́rin sórí bébà, ó ní kí àwa ọmọ lọ jókòó rò ó, kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ abẹ́rẹ́ tí ìyá yóò máa gún fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ fún odidi ọdún méjì. Ìyá mi wo bébà náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ta ni mo ṣẹ̀?”

N kì í ṣe dókítà. Dókítà ló máa kọ oògùn, àmọ́ ẹbí ló máa rà á, ẹbí ló máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ẹbí náà ló máa rán aláìsàn létí. Ohun tí ǹ bá fẹ́ kí ẹnìkan ti sọ fún wa lọ́sẹ̀ yẹn ni mo kọ síbí.

Kí ló ń jẹ eegun?

Eegun alààyè kì í ṣe òkúta. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú rẹ̀ tó sì ń tún un mọ. Àwọn kan wà nínú eegun tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ wíwó, àwọn mìíràn sì jẹ́ bíríkìlà. Nígbà èwe, bíríkìlà ló ń yára jù. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dúró, èròjà ara tó ń kó àwọn awólé níjàánu á dínkù, wọ́n á wá máa wó ju ohun tí bíríkìlà lè mọ lọ. Lójú, eegun náà ṣì dúró ṣinṣin, bí òpó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Ọjọ́ tí èèyàn bá fara tì í ni àṣírí máa tú, ìbàdí, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọrùn ọwọ́ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ dá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ awólé àti bíríkìlà yìí sọ́kàn, torí òun ló ya oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Mẹ́ta nínú wọn ń di awólé lọ́wọ́ mú. Ọ̀kan péré, abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ yẹn, ló ń jí bíríkìlà sí iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ kí n tó máa lọ. Prednisolone àti dexamethasone, tí àwọn èèyàn wa ń gbé mì láìbi dókítà nítorí oríkèé ríro, tàbí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ kí wọ́n sì sanra, wà lára ohun tó ń sọ eegun di fúyẹ́fúyẹ́ jù lọ tó bá pẹ́ lára. Kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Tí ìyá tàbí bàbá yín bá ń ra hóró oríkèé tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó nínú ọkọ̀ Ìwó Road, ẹ kó èyí tó kù dání lọ fún dókítà. Kí wọ́n má sì ṣàdédé dá a dúró fúnra wọn tó bá ti pẹ́ lára, ìyẹn náà léwu. Kò sí èyí nínú oògùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí màá mẹ́nu bà tó lè borí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan mọ ilé, tó ń fi ọwọ́ kejì wó o.

Ẹ̀rọ DXA ni wọ́n fi ń wọn bí eegun ṣe ki tó. Èsì rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní T-score: láti -1 lọ sókè, ó dára, láàárín -1 àti -2.5, eegun ti ń fúyẹ́, -2.5 lọ sísàlẹ̀, ó ti di osteoporosis. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ yìí, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kí ẹ tó gbé àgbàlagbà la gbogbo sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ìbàdàn kọjá. Àmọ́ tí eegun ìbàdí tàbí ti ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti dá nípasẹ̀ ìṣubú kékeré, tàbí láìṣubú rárá bíi ti ìyá mi, ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀rí fún dókítà láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́, ṣé eegun ti dá rí, ẹ̀ẹ̀mélòó sì ni? Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún lẹ́ẹ̀kan, òmíràn lè tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn gba èsì -2.6. Èkejì, kíndìnrín, ọ̀nà ọ̀fun àti eyín ńkọ́? Ẹ̀kẹta ni owó, kì í sì í ṣe owó ọjọ́ kan.

Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti di ìtàn kí ẹ tó kà á. Ìṣirò tó wúlò ni pé ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ máa ra oògùn náà lọ́dún: hóró 52, omi ìgò 1, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́fà 2, tàbí bírò abẹ́rẹ́ 13 (abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ ni, ohun èlò tó jọ bírò ìkọ̀wé ni wọ́n fi ń gún un, ọ̀kan fún ọjọ́ 28). Ẹ béèrè iye ẹyọ kan nílé oògùn mẹ́ta, ẹ fi ṣe ìsọdipúpọ̀, kí ẹ sì tún fi iye ọdún tí dókítà dá sọ ọ́ di púpọ̀. Ìbẹ̀rù owó àpapọ̀ sàn ju pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí owó tán lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, iná àti fíríìjì. Ẹ̀karùn-ún, ta ló máa gún abẹ́rẹ́, ta sì ni yóò rántí? Ẹ̀kẹfà ni èyí tí kò sẹ́ni tó bi wá: tí oògùn yìí bá parí, kí ló tẹ̀ lé e? Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kẹfà yìí ni mo wá rí pé ó wúwo jù.

Hóró ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: alendronate

Ó ti wà lọ́jà láti 1995, Fosamax ni orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́. Ní báyìí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló rọjú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Hóró 70 mg kan lọ́sẹ̀, ó tán. Kò fẹ́ fíríìjì, kò fẹ́ abẹ́rẹ́.

Àmọ́ ó ní èèwọ̀. Bí èèyàn bá ṣe jí, kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu, ife omi lásán tó kún ni kó fi gbé e mì. Kì í ṣe tíì, kì í ṣe wàrà, kì í ṣe ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ jẹun, kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Ìdí ni pé pẹ̀lú inú òfìfo pàápàá, ohun tí ara ń gbà nínú hóró náà kò tó 1%. Tí oúnjẹ bá wọ̀ ọ́, ó di òfo. Tí hóró náà bá sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń bó o. Ìyá kan ládùúgbò wa fi ọjọ́ Àìkú ṣe ọjọ́ tirẹ̀, ó wá ń fi ẹ̀kọ gbígbóná gbé e sọ̀fun nínú ìkánjú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé oògùn òyìnbó kò jẹ́.

Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, ẹni tí kò lè jókòó gbọọrọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, àti ẹni tí iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ ju 35 mL/min lọ nínú àyẹ̀wò (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ ní ìṣẹ́jú kan), kì í ṣe tiwọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, dókítà lè ní kí ẹni tí ewu rẹ̀ ti rọlẹ̀ sinmi, torí oògùn náà máa ń pẹ́ nínú eegun kó tó lọ. Ìyẹn jẹ́ àǹfààní ńlá. Tí owó bá wọ́n fún oṣù méjì, ilé kò ní wó. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í dun èèyàn bó bá gbàgbé, ọ̀pọ̀ ló sì ń fi í sílẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún: zoledronic acid

Ìbátan alendronate ni, àmọ́ inú iṣan ni wọ́n ń fà á sí: 5 mg, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nínú ìwádìí ọlọ́dún mẹ́ta tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, ó dín dídá eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kù ní 70%, ti ìbàdí ní 41%. Kò kan ọ̀nà ọ̀fun, kò sí pé mo gbàgbé, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é.

Ìdààmú rẹ̀ ni ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ara lè gbóná, oríkèé lè máa ro, bí ẹni tí ibà mú. Ní Ìbàdàn níbí, a mọ ohun tí ìyẹn máa dà: wọ́n á sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́mísì. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ṣáájú. Omi mímu dáadáa kí ó tó lọ, paracetamol lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ. Ti ọdún kejì kì í sì í sábà le tó ti àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó fà á, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ kíndìnrín wò, kí wọ́n sì rí i pé calcium àti fítámì D kò dín lára. Tí ilé ìwòsàn kan bá fẹ́ fà á láìṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ dìde kúrò níbẹ̀.

Lójú tèmi, fún ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí òkè òkun, tó jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n jọ ń gbé, èyí ló rọrùn jù.

Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́fà: denosumab

60 mg lábẹ́ awọ ara, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2010. Ó lágbára, kì í sì í gba ọ̀nà kíndìnrín jáde, nítorí náà wọ́n lè fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò le tó láti gba méjì òkè yẹn. Àmọ́ kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, pàápàá tó ń ṣe ìfọ̀jẹ̀, ṣọ́ra: calcium ara lè já wálẹ̀ débi tí yóò di ewu ẹ̀mí.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ni bó ṣe ń parí. Kì í pẹ́ lára bíi ti àwọn ìbátan alendronate. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí a kò gún òmíràn, àwọn awólé tó ti dì lọ́wọ́ á tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì fi ìbínú padà sẹ́nu iṣẹ́. Eegun ọ̀pá ẹ̀yìn méjì mẹ́ta lè rún láàárín ọdún kan. Nítorí náà, kò sí “ẹ jẹ́ kí owó oṣù tó ń bọ̀ wọlé ná” nínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wọ oṣù keje, ẹ má sì dá a dúró láìsí oògùn mìíràn tí dókítà fi rọ́pò rẹ̀. Mo mọ ẹbí kan tí ọmọ wọn ń rà á ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ó dára títí di ìgbà tí ìwé ọmọ náà níṣòro. Tí kò bá dá yín lójú pé ẹ máa rí i rà ní Ìbàdàn tàbí Èkó ní gbogbo oṣù mẹ́fà, ẹ má tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo ti sọ. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ tí wọ́n bá yọ eyín ẹni tó ń lo èyíkéyìí nínú wọn, eegun àgbọ̀n lè kọ̀ kó má jiná. Ẹ tọ́jú eyín tó ti jẹrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí itan bá sì ń dun ẹni tó ti lò wọ́n fún ọdún púpọ̀, tí kò sì mọ ohun tó fà á, kó sọ fún dókítà.

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́: teriparatide

Èyí ni ìyá mi lò, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tinú-tẹ̀yìn.

Kókó kéékèèké mẹ́rin kan wà ní ọrùn wa tó ń tú èròjà kan jáde láti darí calcium nínú ẹ̀jẹ̀. Tí èròjà náà bá pọ̀ lára lọ́sàn-án lóru, eegun ló ń jẹ. Àmọ́ tí a bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ta ara lọ́fà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, tó sì tètè kúrò, bíríkìlà ló ń jí. Teriparatide ni apá ìbẹ̀rẹ̀ èròjà yẹn, 34 nínú ẹ̀yà 84 tó so ó pọ̀. Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn: ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni wíwá rẹ̀ àti lílọ rẹ̀.

Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2002, Forteo ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, Forsteo ní Yúróòpù. Nínú ìwádìí 2001 tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin 1637 tí eegun ẹ̀yìn wọn ti dá rí, ó dín dídá tuntun kù ní 65% fún ọ̀pá ẹ̀yìn, 53% fún àwọn eegun yòókù. Ní 2018, wọ́n fi í wé risedronate, àbúrò alendronate, láàárín àwọn obìnrin tí eegun wọn ti bàjẹ́ jìnnà. Lẹ́yìn oṣù 24, 5.4% lára àwọn tó gún abẹ́rẹ́ ló tún rún eegun ẹ̀yìn; lára àwọn tó lo hóró, 12% ni. Ìṣirò yẹn ló mú kí dókítà wa tẹ̀ sí i fún ẹni tí ọwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀ dá láàárín ọdún kan.

Bírò ńlá ni ohun èlò náà jọ. Oògùn ọjọ́ 28 ló wà nínú rẹ̀, 20 mcg ló sì ti wọ̀n fún gígún kan, kò sí fífà sínú sìríńjì. Itan tàbí ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ kéré, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rà á lọ́tọ̀, ẹ má gbàgbé owó ìyẹn nínú ìṣirò. Bírò ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn, bó ti wù kí wọ́n jẹ́ tọkọtaya tó.

Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó yí i lọ́kàn padà ni Ìyá Rìsí, tó ti ń gún ara rẹ̀ ní insulin láti bí ọdún mẹ́jọ. Ó wọlé, ó ká ìró sókè, ó ní, “Ìyá Alásọ, ẹ wo itan mi, ẹ̀fọn Mọ̀létè ń ta jù báyìí lọ.” Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gún abẹ́rẹ́ náà fún un ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ lórí gígún yìí, àmọ́ ohun tó ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù nìyẹn, òun sì ni ìṣòro tó kéré jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìṣòro gidi ni òtútù. Láàárín 2°C sí 8°C ni bírò náà ń gbé, kí wọ́n tó ṣí i àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i. Kò gbọdọ̀ dì. Ní oṣù kẹta tí a bẹ̀rẹ̀, tiransifọ́mà àdúgbò wa jó. Lóru ọjọ́ kejì mo gbé bírò náà sínú kúlà, mo tẹ́ ẹ sórí yìnyín gan-an, mo sì sùn bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọpọlọ. Ilẹ̀ mọ́, oògùn ti dì gan. Bírò tó ṣì ku ọjọ́ 19 la gbé sọnù, ọwọ́ ara wa la fi ṣe é. Ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí yìnyín má fara kàn án, ẹ sì ra ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń wọn òtútù (thermometer), èyí tí wọ́n ń fi sínú fíríìjì. Àárín fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀yìn pátápátá níbi tí omi ti ń dì. Lẹ́yìn ìyẹn la ra fíríìjì kékeré tí sola ń gbé. Owó náà dùn wá, àmọ́ ó kéré sí bírò méjì tí ì bá tún bàjẹ́.

Bákan náà níbi tí ẹ ti ń rà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi fíríìjì tí wọ́n ti mú un jáde hàn yín. Ilé oògùn kan yọ tiwa láti inú dúrọ́ọ̀. A dúpẹ́, a jáde.

Ní ọjọ́ 28, ẹ jù ú nù, bí ohunkóhun bá tilẹ̀ kù nínú rẹ̀. Ìyá mi fẹ́ fún un gbẹ bí ọsàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, inú ike tó le tó sì ní ìdérí ni, kì í ṣe orí àkìtàn tí àwọn ọmọdé ń gbà kọjá. Tó bá kún, ẹ gbé e lọ fún ilé ìwòsàn yín.

Ní ti ara, òòyì lè kọ́ èèyàn lẹ́yìn gígún àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà kó wà lórí ìjókòó tàbí ibùsùn. Pajápajá lè mú ẹsẹ̀, èébì lè máa gbé e. Tí ó bá rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìgbẹ́ kò yọ, tí ó ń bì ṣáá, kí wọ́n yẹ calcium inú ẹ̀jẹ̀ wò, ó lè ti lọ sókè jù. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ eegun tàbí tí wọ́n ti fi ìtànṣán (radiotherapy) tọ́jú jẹjẹrẹ lára eegun rẹ̀ rí, ẹni tó ní àìsàn Paget (àìsàn tó ń mú eegun dàgbà ségesège), ẹni tí calcium rẹ̀ ti ga tẹ́lẹ̀, àti ọmọdé tó ṣì ń dàgbà, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ lè gbọ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ eegun: ara eku ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì fi ìkìlọ̀ ńlá sára páálí rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ní 2020 ni Amẹ́ríkà yọ ìkìlọ̀ náà, torí wọn kò rí i kó pọ̀ sí i lára èèyàn. Síbẹ̀, ọdún méjì ló ṣì jẹ́ gbèdéke rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Owó wá ńkọ́? Bírò 26 fún ọdún méjì. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó sún mọ́ ọn. Àwọn tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń ṣe rọjú ju Forteo fúnra rẹ̀ lọ, ẹ béèrè wọn. Tí ẹ bá wà lórí ètò ìlera, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó náwó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwa ọmọ mẹ́rin la dá a jọ, a sì jà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè kẹfà nìyí o. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá dúró, bíríkìlà á padà sùn, awólé kò sì lọ síbì kankan. Tí a kò bá tètè fi alendronate, omi ọdọọdún tàbí denosumab tẹ̀ lé e, eegun tuntun tí a fi owó ọdún méjì mọ yóò tún wó. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ń yan abẹ́rẹ́ dípò hóró. Abẹ́rẹ́ ni a ń fi ṣáájú, hóró tàbí omi á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí bírò, tí kò ṣẹ́ ti ìgbẹ̀yìn kù, ilé tí kò lórùlé ló kọ́ fún òjò.

Àwọn méjì mìíràn wà tí ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ọmọ yín tó wà lókè òkun. Abaloparatide, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017, jọ teriparatide, ojoojúmọ́ ni, àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i kò nílò fíríìjì. Romosozumab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, oṣooṣù ni wọ́n ń gún un fún ọdún kan. Kò sí fún ẹni tí àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù láàárín ọdún kan sẹ́yìn.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí èsì rẹ̀ burú àmọ́ tí eegun rẹ̀ kò tíì dá, tí ọ̀fun àti kíndìnrín rẹ̀ dára, tó sì lè pa èèwọ̀ òwúrọ̀ kan mọ́ lọ́sẹ̀: alendronate. Kò sí ìdí láti tà ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń ka èyí, tiwọn nìyí.

Ẹni tó ń gbàgbé, tí inú ń ta, tí hóró ti kún ọwọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí eegun ìbàdí rẹ̀ ti dá: omi ọdọọdún, tí kíndìnrín bá gbà.

Ẹni tí kíndìnrín kò gbà á fún méjèèjì, tí ẹbí rẹ̀ sì lè búra pé oṣù mẹ́fà kan kò ní yẹ̀: denosumab, lábẹ́ ojú dókítà kíndìnrín.

Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún, pàápàá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tó ń lo hóró déédéé tí eegun ṣì ń dá, tó ní fíríìjì tí kì í kú, tó sì ní owó bírò 26 àti ti oògùn tó tẹ̀ lé e: abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Tí owó bá tó oṣù mẹ́rin péré, ẹ mú omi ọdọọdún, ẹ má fi abẹ́rẹ́ dán ara yín wò.

Èyí tí ẹ bá yàn, calcium bíi 1000 sí 1200 mg lójúmọ́ ṣì ṣe pàtàkì, nínú wàrà, ẹja tí a lè jẹ teegun-teegun àti ẹ̀fọ́, kí hóró calcium kún èyí tó bá kù, àti fítámì D. Ẹ ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, kí tọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún ìgbà tí iná bá lọ lóru.

Tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ì báà jẹ́ ní Orítamẹ́fà níbi tí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà, ì báà jẹ́ níbòmíràn, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí dání: èsì àyẹ̀wò kíndìnrín àti calcium, gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò nínú ọ̀rá kan, àwòrán eegun tó ti dá, ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, àti ẹni tí yóò máa san owó náà. Ẹ mú òun gan-an lọ.